Ẹnu Ìkòkò Tábà Bàbá Wa

Láàárọ̀ Sátidé, ẹni tó bá gba iwájú ilé Tíṣà Nathaniel kọjá ní Ìlaròó yóò rí ohun mẹ́ta lórí okùn aṣọ: ṣòkòtò Tíṣà, aṣọ ìnura Tíṣà, àti ìkòkò tábà kan tí wọ́n fi òwú so lọ́rùn, tó ń yí bírí nínú oòrùn bí ọ̀daràn tí wọ́n yẹgi fún.

Ẹ má rò pé Tíṣà ń mu tábà o. Kátíkíìsì ni. Ogójì ọdún ló fi kọ́ ọmọ nílé ìwé míṣọ́n, ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ló sì fẹ́ràn jù. Nínú ẹ̀kọ́ yẹn, ohun mẹ́ta péré ló ń gba ọmọ aráyé là kí Olúwa tó dé: ọṣẹ, omi, oòrùn. Ìrọ̀rí ni, sá a. Bàtà ni, sá a. Ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé máa ń sọ pé bí àwọn ò bá ṣọ́ra, ọjọ́ kan ni Tíṣà yóò fọ Bíbélì, tí yóò sì sá a sórí òrùlé.

Ìkòkò tábà yìí kì í ṣe tirẹ̀, ti bàbá wọn ni. Bàbá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìdogò nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń dé ibẹ̀. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fún un. Igi ni ikùn ìkòkò náà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀, ibi tí eyín ń dì mú, rọ́bà líle ni, dúdú kirikiri. Nígbà tí Bàbá kú, ilé àti ìwé bọ́ sọ́wọ́ Nathaniel. Ìkòkò tábà bọ́ sọ́wọ́ Àrìnpé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, nítorí òun ló ń bá Bàbá fi ẹ̀yin iná sí i láti kékeré. Àrìnpé lọ sílé ọkọ ní Ìpóbẹ̀, lódìkejì bọ́dà. Ó gbé ìkòkò dání, ó ń mu ún. Ojú rẹ̀ fọ́, kò jáwọ́. Eyín rẹ̀ ká tán, kò jáwọ́.

Lóṣù Ọ́gọ́ọ́sì ó wá sí Ìlaròó fún ìrántí Bàbá. Ó jókòó sí pálọ̀, ó ń fa tábà rẹ̀ jẹ́jẹ́, ni Nathaniel bá yọjú lójú fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n! Pásítọ̀ ń bọ̀!"

"Kó máa bọ̀. Ṣé èmi ni mo di ọ̀nà mọ́ ọn ni?"

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Nathaniel ti já ìkòkò gbà lẹ́nu rẹ̀, ó ti tì í sínú dúrọ́ọ̀, ó sì ń fi ìwé orin fẹ́ èéfín síta. Pásítọ̀ wọlé. Ó gbàdúrà, ó jẹun, ó tún gbàdúrà. Mọ́tò tí yóò gbé Àrìnpé padà ń fun fèrè níta bí ẹni tí ara ń kan. Nínú ìkánjú yẹn, obìnrin tí kò ríran lọ sílé, ìkòkò rẹ̀ kù sínú dúrọ́ọ̀. Nathaniel ní kò sí wàhálà, òun yóò gbé e lọ fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó pé, ìjọba ti bọ́dà pa.

"Nàtá," ni Àrìnpé wí lórí fóònù, "fetí sílẹ̀ dáadáa. Má fọ ìkòkò mi. Má sá a. Aṣọ gbígbẹ ni kí o fi nù ún. Fi adín díẹ̀ pa ẹnu rẹ̀ lára, kí o dì í sínú aṣọ dúdú, kí o gbé e síbi tí oòrùn ò ní rí i. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ o. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ gbé ọṣẹ.

Adín! Kí èèyàn fi adín pa ohun tí ń wọ ẹnu, kí eṣinṣin máa bà lé e! Kí ó dì í sínú òkùnkùn, níbi tí kòkòrò àìsàn ti ń bímọ! Tíṣà fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n Àrìnpé ò lọ sílé ìwé. Ó fi kànìnkànìn bọ inú ìkòkò náà, ó fọ̀ ọ́ títí ó fi ń kùn yọ́ọ́yọ́ọ́, ó sì so ó rọ̀ sínú oòrùn.

Lóṣù Ọ̀kùtóbà, ẹnu ìkòkò náà pọ́n bí omi tíì. Tíṣà ní ẹ wò ó, ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ ti ń jáde. Lóṣù Dìsẹ́ńbà, ó di aláwọ̀ ewé bí ohun tí ń hù lára òkúta inú odò, ó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Tíṣà ní áà, ìdọ̀tí yìí mà pọ̀ o. Ó wá ń fọ̀ ọ́ ní Wẹ́sìdeè náà.

Ọjọ́ kan lóṣù Jánúárì ni fóònù dún. Fẹ́yìsetán ni, ọmọ Àrìnpé tó ń tọ́jú rẹ̀.

"Bàbá Ìlaròó, Màmá ò jẹun mọ́. Ìkòkò tábà nìkan ni wọ́n ń bèèrè. A wá òmíràn fún wọn, wọ́n tutọ́ sí i lára. Dókítà ní ká máa sọ ohun tá a bá ní láti bá wọn sọ."

Ó gbé fóònù sétí ìyá rẹ̀. Ohùn Àrìnpé ti tín-ín-rín bí òwú.

"Nàtá, jẹ́ kí n fi ẹnu kan ti Bàbá lẹ́ẹ̀kan péré, kí n máa lọ. Gbé e wá."

Ojú Tíṣà là ní ọjọ́ náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó gbé ìkòkò tábà sẹ́nu, kí ó lè mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n òun yóò tọ́ wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ ìfun rẹ̀ sílẹ̀. Ó korò, ó kan, ó ń ta ahọ́n. Ó sáré wá pólíìṣì bàtà, ó fi pa á títí ó fi dúdú. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni Mẹ̀dínátù aládùúgbò rẹ̀ bá a, tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ètè dúdú, eyín dúdú. Mẹ̀dínátù ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Tíṣà ló kọ́ ọ ní kíláàsì mẹ́ta. Ìrẹsì fàyàwọ́ ló ń fi alùpùpù rẹ̀ gbé láti ìgbà tó ti pé ogójì, bọ́dà tó tì yìí ló sọ ọ́ di ìyàwó ilé.

"Yéè! Tíṣà! Ta ló pa yín lẹ́nu láró?"

"Mẹ̀dínátù, mo ti dáràn."

"Mo rí i. Ó ti dé àgbọ̀n yín."

Tíṣà sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mẹ̀dínátù gba ìkòkò náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì nawọ́ rẹ̀ jìnnà sí imú. "Ẹ jẹ́ ká lọ bá Bàbá Fágbénró l'Ókè-Ọ̀dàn. Irú èyí ni wọ́n ń mu láti ìgbà tí ìyá mi ti wà lọ́mọge. Tiwọn dúdú bí kóró iṣin."

Bàbá Fágbénró jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó gba ìkòkò lọ́wọ́ Tíṣà, ó wò ó, ó di ojú.

"Ta ló pa á?"

"Ìdọ̀tí ni, Bàbá. Mo ti fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, kò lọ."

"Ìdọ̀tí kẹ̀? O rí bí ìpáàrà ṣe ń jẹ irin? Bẹ́ẹ̀ ni oòrùn àti omi ń jẹ rọ́bà yìí. O gbé e fún ẹkùn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, o wá ń bèèrè ibi tí ẹran wọlẹ̀ sí." Ó pe ìyàwó rẹ̀ kó gbé tirẹ̀ wá. Ó tú aṣọ dúdú kan, ó tún tú òmíràn nínú rẹ̀. Ìkòkò tó jáde ń dán bí ojú ọmọ tuntun. "Èyí dàgbà jù ọ́ lọ. Bí mo bá mu ún tán, mo nu itọ́ mi kúrò kí n tó dìde. Adín àgbọn díẹ̀. Lósoosù, ìda oyin bíńtín, kí n fi àtàǹpàkò ra á títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, òkùnkùn. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀ ju kí èèyàn má dáwọ́ dúró lọ."

Gbogbo ohun tí Àrìnpé sọ lórí fóònù nìyẹn.

"Ẹ bá mi wò ó sàn, Bàbá."

"A máa ń dènà rẹ̀ ni, a kì í wò ó sàn. Tó bá ti jẹ ẹ́, ohun tá a máa ha kúrò, ara rẹ̀ náà ni." Fágbénró fi èékánná wá ẹnu ìkòkò náà lọ, ó dúró níbi tó ti jìn. "Ojú eyín ta nìyí?"

"Ti bàbá wa. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló wà nínú rẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Tá a bá fi adín rẹ ẹ́, tá a ń fi aṣọ nù ún díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, eyín wọn á kù síbẹ̀. Tí mo bá fi ewé eépín ha á lónìí, á dúdú, á dán, ṣùgbọ́n ojú eyín ò ní sí mọ́."

"Oṣù mẹ́ta! Ẹ̀gbọ́n mi ò ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ha á."

"Tíṣà, ṣé ohun tí mo sọ yé ọ?"

"Ẹ ha á, Bàbá! Inú ihò kéékèèké bẹ́ẹ̀ gan-an ni kòkòrò àìsàn ń gbé."

Àgbà mú ewé eépín, ó tẹ̀ ẹ́ sínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ẹ̀rún aláwọ̀ ewé ń bọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó pọ́n, lẹ́yìn náà ó dúdú. Ó ha á fún wákàtí méjì, ó fi ìda oyin kùn ún, ó fi aṣọ gbo ó. Nígbà tó nà án sí Tíṣà, Tíṣà rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó fi kan ahọ́n. Kò korò, kò kan. Ó fò sókè, ó fi ijó yí Fágbénró ká, odidi kátíkíìsì! Mẹ̀dínátù ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Fágbénró nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fún Tíṣà ní aṣọ dúdú kan àti adín nínú ìgò kékeré. "Má jẹ̀ẹ́ kí oòrùn rí i mọ́. Ìyẹn ló kù tí o lè ṣe fún un."

Lọ́jọ́ kejì, bí ilẹ̀ ti mọ́, Tíṣà tó ti wàásù lòdì sí fàyàwọ́ ní ìgbà mẹ́rìnlá ló wà lẹ́yìn alùpùpù Mẹ̀dínátù yìí. Epo ò sí nílé epo kankan lápá bọ́dà. Inú ìgò ọtí ni Mẹ̀dínátù ti da tirẹ̀.

"Tíṣà, ẹ dì mí mú."

"Mẹ̀dínátù, mo jẹ́ kátíkíìsì."

"Kátíkíìsì náà máa ń já bọ́."

Ó dì í mú. Wọ́n kọjá Ẹ̀gùá, wọ́n gba inú oko ẹ̀gẹ́, ewé ń gbá wọn létí. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n bọ́ sódìkejì ni ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba, tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, jáde sójú ọ̀nà.

"Ẹ dúró! Kí lẹ gbé?"

"Ọ̀gá, mi ò gbé nǹkan," ni Mẹ̀dínátù wí. "Lónìí, mo fi Ọlọ́run búra, tíṣà nìkan ni mo gbé."

Ọkùnrin náà tú àpò, kò rí ìrẹsì. Ó fọwọ́ kan àyà Tíṣà, ó kan nǹkan líle. Ó fà á jáde: aṣọ dúdú tí wọ́n dì rúgúdú, adín ń jò lára rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ dì sínú aṣọ dúdú?"

"Ìkòkò tábà bàbá mi ni. Bàbá mi ti kú. Ẹni tí mo ń gbé e lọ fún náà ń kú lọ."

Ta ló rán Tíṣà? Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ẹ wo bí òótọ́ náà ṣe jáde! Ọkùnrin náà ju ẹrù sílẹ̀ bí ẹni tó di ejò mú, ó fẹ̀yìn rìn.

"Ẹ gbé nǹkan yín! Ẹ máa lọ, Bàbá! Ẹ má wẹ̀yìn!" Ó wá yíjú sí Mẹ̀dínátù, agbára rẹ̀ padà. "Ìwọ, sọ̀kalẹ̀. Alùpùpù dúró síbí."

Mẹ̀dínátù sọ̀kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ lérí. "Ọdún mọ́kànlá tí mo fi gbé ìrẹsì, kò sẹ́ni tó mú mi. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo gbé ìmọ́tótó!" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Alùpùpù náà ni ó fi ń jẹun, òun àti àwọn tirẹ̀, kò sì sí òmíràn.

"Mẹ̀dínátù, n ò ní fi ọ́ sílẹ̀."

"Ẹ máa lọ, Tíṣà! Bí ẹ bá dúró, ó ti jẹ́ lásán nìyẹn."

Ó lọ. Ó rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, kí ọlọ́kadà kan lápá ibẹ̀ tó ṣàánú rẹ̀. Oòrùn ti wà ní àtàrí nígbà tó wọ Ìpóbẹ̀. Fẹ́yìsetán ń sunkún bó ti rí i. Àrìnpé wà lórí ẹní lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò ju ìdì aṣọ kan lọ.

"Nàtá?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Mo gbé e dé."

Ojú Àrìnpé tàn, ojú tí kò ríran yẹn, ó tàn bí ti ọmọdé. Fẹ́yìsetán gbé e jókòó, ó ki tábà, ó fi ẹ̀yin iná lé e. Àrìnpé gba ìkòkò, ó gbé e sẹ́nu. Nathaniel ká ọwọ́ pọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń retí èsì ìdánwò.

Àrìnpé fà á lẹ́ẹ̀kan. Ètè rẹ̀ ń wá nǹkan. Ó yí ìkòkò náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó yọ ọ́ lẹ́nu, ó fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀.

"Fẹ́yìsetán."

"Mà."

"Ta ló ni èyí?"

"Ti Bàbá ni, ẹ̀gbọ́n," ni Nathaniel wí.

"Ti Bàbá ní eyín Bàbá lára. Eyín tèmi wà nínú eyín Bàbá. Bí mo bá ti gbé ahọ́n síbẹ̀, mo máa ń rí ojú rẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo ṣì ń rí láyé yìí. Èyí ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀."

Tíṣà kúnlẹ̀. Ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ó ṣe é: ó jẹ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ ní kí n má fọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́. Ẹ ní kí n má sá a, mo sá a. Oòrùn jẹ ẹ́. Mo ní kí wọ́n ha á, eyín yín bá a lọ."

Àrìnpé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gbígbẹ tó di ikọ́.

"Nàtá, ìwọ? O fọ́ àwo, o ní ewúrẹ́ ni. O jẹ ẹran inú ọbẹ̀, o ní ológbò ni. Ìgbà wo lo kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́? Ẹni tó bá jẹ́wọ́ kíá báyìí, ohun tó ju èyí ló ń bò mọ́lẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "O tà á."

"Ẹ̀gbọ́n!"

"O tà á. Bọ́dà tì, nǹkan le, owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀yin tíṣà ò sì jáde. A ń gbọ́ níbí. Ebi ò mọ ohun àjogúnbá. Mo ti dárí jì ọ́."

Nathaniel wo Fẹ́yìsetán pé kó gba òun. Fẹ́yìsetán wo ilẹ̀. Òun náà ti gbà pé ó tà á. Bí ó bá tún jiyàn, òpùrọ́ ni yóò jẹ́ lójú ẹni tó ń kú lọ. Bí ó bá gbà, olè ni. Àmọ́ ìdáríjì ló wà nílẹ̀ yìí, kò sì sí òmíràn tí yóò rí gbà.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí.

"Ta lo tà á fún?"

"Ọkùnrin kan... l'Ókè-Ọ̀dàn."

"Lọ gbà á padà. Sọ fún un pé ẹni tó ni ín ń lọ sílé. Mo lè dúró dè ọ́ bí o bá yára."

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín díẹ̀."

"Jíjókòó ò wúlò fún mi. Nàtá, dìde! Máa lọ."

Ó dìde, ó mú ìkòkò náà, ó jáde. Alùpùpù ti lọ, ọ̀nà ti dí. Ohun tó sì ń lọ gbà padà, òun náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn ilé po, ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lẹ́yìn ògiri. Fèrèsé wà lókè orí rẹ̀. Ó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀.

"Fẹ́yìsetán, ṣé ó ti dé Ẹ̀gùá?"

"Wọ́n á ti dé ibẹ̀, Màmá."

Òjìji ògiri ń gùn sí i. Adìẹ kan wá ń fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ṣé ó ti wọ Ìlaròó?"

"Wọ́n ti wọ̀ ọ́. Ẹ sinmi."

"Òkè-Ọ̀dàn ò jìnnà sí ibẹ̀. Ẹni tó rà á ńkọ́, ṣé ó gbà láti dá a padà?"

"Ó gbà, Màmá."

"Mo mọ̀. Nàtá mọ ọ̀rọ̀ sọ."

Ó pẹ́ díẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ débi pé Nathaniel ní láti dìde dúró kí ó tó gbọ́.

"Ó ti ń bọ̀ báyìí?"

"Wọ́n ti ń bọ̀."

Nathaniel fi iwájú orí ti ògiri. Ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n òun bèèrè Ẹ̀gùá. Láti Òkè-Ọ̀dàn, kí èèyàn tó dé Ẹ̀gùá, ó tó wákàtí kan, bí ọ̀nà bá dára. Ó dúró. Adìẹ náà lọ. Kò gbọ́ ìbéèrè kankan. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ tí Fẹ́yìsetán ń pe ìyá rẹ̀ lórúkọ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì lè wọlé, nítorí wọ́n ti sọ pé òun ṣì wà lọ́nà.